Ikọ́ Tó Ti Èmi àti Fiwọ́nsílẹ̀ Mọ́lé

Mo kọ́kọ́ rò pé eegun ẹja ló há a lọ́fun. Àárọ̀ ni, ọyẹ́ ń gbá eruku wọlé láti abẹ́ ilẹ̀kùn, mo ń ro ògì lọ́wọ́, Fiwọ́nsílẹ̀ sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ìṣe rẹ̀. Ṣàdéédéé ló na ọrùn síwájú, ó ya ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe “háù, háù” bí ẹni tó fẹ́ bì. Nǹkan kan kò jáde. Mo fi ògì sílẹ̀, mo la ẹnu rẹ̀, mo ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun, mo wá eegun títí, n kò rí eegun. Ẹnu rẹ̀ gbóná kọjá bó ṣe yẹ. Ohun tó wá já mi láyà ni pé ajá yìí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹnu òun, àní èmi tí mo tọ́ ọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò bá mi jà rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí àwa méjèèjì jẹ́. Ìyá Akin ni mí, ará Ògbómọ̀ṣọ́, aránṣọ ni mí kí ojú mi tó di bàìbàì. Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, Akin ọmọ mi ní n kò lè dá gbé ilé mọ́, ó wá kó mi wá sí Sabon Gari ní Kano níbi tó ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ajá mi bá mi wá. Àwọn aládùúgbò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó fẹ́ràn ẹjọ́ ju oúnjẹ lọ ni mo fi orúkọ rẹ̀ sọ lọ́rọ̀. Bí mo bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo pe “Fiwọ́nsílẹ̀!”, àwọn tó yẹ kó gbọ́ á gbọ́.

Ní Kano, kò sí ẹni tí mo fẹ́ fi orúkọ sọ lọ́rọ̀ mọ́, nítorí pé kò sí ẹni tó máa gbọ́. Rúùtù, ìyàwó Akin, ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n Kano ni wọ́n bí i sí, Kano ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, Hausa sì ti bá Yorùbá ẹnu rẹ̀ gbéyàwó. Òun àti ọkọ rẹ̀ a máa wà ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Déborà ọmọ wọn ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá wí, Hausa ló fi ń fèsì. Màá ní, “Déborà, ṣé o ti jẹun?” Á ní, “Na ci,” á sì bá tirẹ̀ lọ. Nínú gbogbo ilé náà, ajá nìkan ni mo ń bá sọ Yorùbá lọ́sàn-án gangan tó ń ṣe ohun tí mo wí. Mo ní kó jókòó, á jókòó. Mo ní kó wá, á wá. Bí ajá yìí bá kú, ta ni n ó máa bá sọ̀rọ̀? Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ẹni tí kò tíì jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìgbọ́ èdè ìyá rẹ̀ ló lè rẹ́rìn-ín.

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí a ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé láti ibi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n mi. Kí a tó lọ, a fi Fiwọ́nsílẹ̀ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní àdúgbò Brigade tó ń sin ajá tà, ajá sì pọ̀ níbẹ̀ bí èèrà. Nígbà tí ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀, gbogbo àwọn ará ọgbà wa ló ní ọyẹ́ ni. Lóòótọ́, ta ni kì í wúkọ́ ní Kano lásìkò ọyẹ́? Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo fún un ní epo pupa lá, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ti máa ń ṣe fún wa. Ikọ́ kò lọ. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà nímú rẹ̀, omi tó mọ́ gaara ni níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ki, ó di ikun aláwọ̀ ewé. Ojú rẹ̀ ń ṣe ipin. Oúnjẹ tó máa ń jẹ tí abọ́ á fi máa yí káàkiri ilẹ̀, ó kàn gbóòórùn rẹ̀ lásán, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo ara rẹ̀ ń jó bí iná.

Rúùtù gbé oògùn ẹ̀fọ́rí àwa èèyàn wá, ó fẹ́ fọ́ ọ sínú ẹran fún un. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ajá náà kọ ẹran. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí tí ẹ sì ní ajá, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: oògùn ìrora tí a ń lò fún ara wa lè ba inú ajá jẹ́, ó lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́, ó lè pa á pátápátá. Dókítà ẹranko ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa lẹ́yìn náà, Rúùtù ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó tún ní epo pupa tí mo fún un, bí ajá tó ń wúkọ́ bá fà á sí ẹ̀dọ̀fóró, ìyọnu mìíràn ni.

Ilé ìwòsàn ẹranko náà wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń pè ní No Man's Land. Adaidaita ló gbé èmi àti Rúùtù lọ, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gùn níbẹ̀, mo gbé orí ajá lé itan. Wọn kò jẹ́ kí a wọlé. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ikọ́ náà, ó ní kí a dúró síta kí ajá yòókù má bàa kó o. Ṣe ni a jókòó sínú Adaidaita níwájú ilé ìwòsàn, tí àgbò àti ewúrẹ́ àti tòlótòló ń wọlé níṣojú wa, tí wọ́n ń jáde, tí àwa ṣì wà níbẹ̀. Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Obìnrin ni dókítà náà, ọ̀dọ́, Hádíza ni wọ́n ń pè é. Ó jáde wá bá wa. Ó fi nǹkan wọn ibà rẹ̀ lábẹ́ ìrù, ó gbọ́ àyà rẹ̀ níhìn-ín, ó gbọ́ ọ lọ́hùn-ún, ó béèrè ibi tí ajá ti dé láìpẹ́. Hausa ló ń bá Rúùtù sọ, n kò sì gbọ́ ju ìkíni lọ. Nígbà tó parí, ó yíjú sí mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń bá àgbà tó di etí sọ̀rọ̀. Ó ní, “Mama, mura. Mura ce.”

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi nígbà tí ọkọ mi wà lórí ibùsùn nìyẹn. Dókítà ọjọ́ náà di ọwọ́ mi mú bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó ní, “Màmá, ẹ múra,” kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí mo fi di opó.

Mo yíjú sí Rúùtù. Mo ní, “Kí ni wọ́n wí?”

Rúùtù ń wá ṣénjì nínú báàgì fún oníkẹ̀kẹ́, kò tilẹ̀ wò mí lójú. Ó ní, “Màmá, mura ni o. Gbogbo ajá tó wà ní Brigade yẹn ló ń ṣe.”

“Ṣé kò sí oògùn ni?”

“Mura ò lóògùn, Màmá. Ó máa lọ fúnra ẹ̀. Èyí tí wọ́n fún wa yìí, kí àìsàn míì má bàa gùn ún ni. Wọ́n ní ká yà á sọ́tọ̀.”

Ó máa lọ fúnra ẹ̀! Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀. Ta ni ó gbọ́ irú èyí tí kò ní mọ ohun tó ń bọ̀? N kò béèrè ohunkóhun mọ́.

Yàrá kan wà lẹ́yìnkùlé tí Akin ń kó páálí àti irin mọ́tò sí. Ibẹ̀ ni a yà á sọ́tọ̀ sí. Ìyá Chika, aládùúgbò wa, ní ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àwọn ọmọ ajá náà sì ń sáré kiri gbogbo ọgbà, nítorí náà ilẹ̀kùn kò gbọdọ̀ ṣí. Àìsàn náà ń gba inú ikọ́ àti sísín ràn, ó ń gba ara abọ́, ó ń gba ara aṣọ àti ọwọ́ èèyàn. Ẹni tó bá máa tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní aṣọ tí kò ní kúrò nínú yàrá yẹn, kó sì máa fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó jáde. Mo ní èmi ni n ó wà níbẹ̀. Ta ló tún kù?

Bí èmi náà ṣe wọ ẹ̀wọ̀n nìyẹn. Yàrá náà kò ju ibi tí èèyàn méjì lè nà sí. Fèrèsé rẹ̀ kékeré, irin wà lójú rẹ̀, láti ibẹ̀ n kò rí nǹkan kan àfi ògiri ilé kejì àti aṣọ tí wọ́n sá. Bí mo bá ṣí fèrèsé, eruku á wọlé, ajá á wúkọ́. Bí mo bá tì í, òórùn irin àti ti àìsàn á kún gbogbo ibẹ̀, èmi náà á máa wá atẹ́gùn. Mo ń gbọ́ táwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín nínú ọgbà, wọ́n ń fi Hausa dá ara wọn lápàárá, n kò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Màá wo ajá, ajá á wò mí. Àwa méjèèjì ò ríbi lọ.

Nítorí pé mo ti gbà pé ó ń lọ, mo ṣe ohun tí èèyàn ń ṣe fún ẹni tó ń lọ. Mo tẹ́ ìró mi kan tó dára sílẹ̀ fún un. Mo ń kọrin fún un, mo ń sọ ìtàn ilé fún un. Oògùn náà korò, tí mo bá fẹ́ fún un ó máa ń wò mí bí ẹni pé mo dalẹ̀ òun, ni mo bá fi oògùn sílẹ̀. Kí ló dé tí n ó fi máa fìyà jẹ ẹni tó ti ń re ilé? Bí Rúùtù bá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ní, “Màmá, ṣé ó lo oògùn?”, màá ní, “A ti ṣe ohun tó yẹ.” Mo béèrè lọ́wọ́ Akin ibi tí wọ́n ń sin ajá sí ní Kano. Ó ní, “Ẹ̀yin náà, Màmá! Ẹ yéé sọ bẹ́ẹ̀.” Ó rò pé ọ̀fọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló ṣì ń dà mí láàmú.

Ọjọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Déborà wá dúró lójú fèrèsé. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń fa imú. Ó ní, “Màmá Àgbà, ni ma mura ta kama ni.”

Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbọ́.

Mo fò dìde. Mo ní, “Ta ló ní kí o múra? Ìwọ, ọmọ kékeré? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Rúùtù! Rúùtù o!” Mo ti jáde, aṣọ yàrá àìsàn lọ́rùn mi, mo gbàgbé ọṣẹ, mo gbàgbé gbogbo ẹ̀. Rúùtù sáré jáde pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.

“Màmá, kí ló dé?”

“Ọmọ yìí ní òun ń múra! Ta ló sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún un?”

“Mura kẹ̀? Mura lásán nìyẹn, Màmá. Ọyẹ́ ni.”

“Lásán? Ṣé ikú ni o ń pè ní lásán?”

Ó wò mí, mo wò ó. Ó wá fọwọ́ kan imú ara rẹ̀, ó fa imú fìn-ìn. Ó ní, “Mura. Imú dídí. Ikun. Kí lẹ̀yin ń pè é?”

“Ọ̀fìnkìn?”

“Ẹ̀ẹ́n! Òun náà ni. Àbí mura kì í ṣe Yorùbá ni?”

Orí mi fò lọ. Gbogbo ayé rẹ̀ ni Rúùtù ti ń pe ọ̀fìnkìn ní mura, bàbá rẹ̀ náà ń pè é bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún un rí pé Hausa ni. Ọ̀fìnkìn ló ń ṣe ajá mi. Àìsàn náà ni yóò lọ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ajá! Ẹ̀rín gbé mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni mo rántí oògùn tó wà lórí páálí, tí n kò fún un. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

A wọlé lọ wò ó. Ikùn rẹ̀ ń fà wọlé fà jáde bó ṣe ń mí, ó na ọrùn gbọọrọ kó lè rí atẹ́gùn, erìgì rẹ̀ ti funfun. A gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà kíá.

Mo ní kí Rúùtù sọ òtítọ́ fún un, kó má fi nǹkan kan pamọ́. Dókítà Hádíza gbọ́ tán, ó fọwọ́ bo ẹnu, kò mọ bóyá kóun rẹ́rìn-ín tàbí kóun banú jẹ́. Ó wá fi sùúrù ṣàlàyé, Rúùtù ń túmọ̀, mo sì ní kó túmọ̀ ní Yorùbá tó jẹ́ Yorùbá. Ọ̀fìnkìn líle ni, tí kòkòrò kan tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ máa ń fà. Fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Oògùn tí ń pa kòkòrò yòókù kò ràn án, ara ajá fúnra rẹ̀ ló ń bá a jà, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń borí. Ṣùgbọ́n bó bá ti ha inú ọ̀nà ọ̀fun àti ti àyà, kòkòrò mìíràn á rí ọ̀nà gbà wọlé sí ẹ̀dọ̀fóró, á di òtútù àyà. Èyí ni oògùn tí mo gbé jù sórí páálí wà fún. Ó ní àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń fi òwú gba ikun nímú ajá ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń gbé e lọ, òun ò lè dúró de èsì kóun tó tọ́jú rẹ̀. Mo béèrè nípa Déborà. Ó ní títí di ìsinsìnyí, òun kò tíì gbọ́ pé irú ọ̀fìnkìn ajá yìí ran èèyàn, ti Déborà, ti ọyẹ́ ni, ṣùgbọ́n kí a máa fọwọ́.

Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí i lára. Mo béèrè bóyá yóò yè. Dókítà ní òun kò lè ṣèlérí. Ẹ wo ayé lóòótọ́! Lọ́tẹ̀ yìí tó yẹ kí ẹnìkan ní kí n múra, ẹnì kankan kò sọ ọ́, èmi náà sì ti kọ̀ jálẹ̀ pé n kò ní múra.

A padà sínú yàrá. Abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. A ń gbé garawa omi gbígbóná síwájú rẹ̀ kí ooru lè tú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Mo ń ká àtẹ́lẹwọ́ mi kò, mo ń fi gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, bí dókítà ṣe kọ́ wa. A bọ́ okùn ọrùn rẹ̀ kó má bàa fún ọ̀fun. Omi mímu nìkan ló ṣòro. Dókítà ní bí kò bá mu omi, gbogbo iṣẹ́ yìí á já sí asán, mo sì ń bẹ̀ ẹ́, mo ń rọ̀ ọ́, ó ń lá a díẹ̀díẹ̀ nítorí ohùn mi.

Ni ohùn mi bá lọ. Eruku, ẹkún, èwo ni kí n mú? Mo la ẹnu láàárọ̀, èémí lásán ló jáde. Rúùtù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi Hausa pè é, ó fi Gẹ̀ẹ́sì pè é, ó fi àdàlù Yorùbá tirẹ̀ pè é. Etí ajá kò tilẹ̀ mì. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo gbé abọ́ omi dání, n kò lè pe ajá mi lórúkọ. Mi ò rò pé mo ti há bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Mo gbọ́ ohùn kan lójú fèrèsé.

“Fiwọ́nsílẹ̀. Dìde. Wá mu omi.”

Déborà ni. Ó di irin fèrèsé mú. Mo yíjú, mo wò ó. Ó ń tijú, kò wo ojú mi, ajá ló ń wò. “Jọ̀ọ́. Dìde, ọmọ mi. Mu díẹ̀ fún Màmá.”

Ọ̀rọ̀ tèmi gan-an ni, bí mo ṣe máa ń wí i. Ìgbà wo ló kọ́ ọ? Etí Fiwọ́nsílẹ̀ mì. Ó gbé orí, ó wọ́ ara rẹ̀ dé ibi abọ́, ó lá omi. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì. Mo sunkún níbẹ̀, ẹkún tí kò ní ohùn.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ilé ìwé dé, á gbé àpótí wá sábẹ́ fèrèsé, á máa bá ajá sọ̀rọ̀. Yorùbá rẹ̀ ń ṣe bí ẹlẹ́sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ kan ó ní ọkọ òun bàjẹ́ lójú títì, àwọn kan sì bá òun tì í. Ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sílé ìwé ló fẹ́ wí. N kò ní ohùn tí n ó fi tún un ṣe, mo kàn di ẹnu mú kí ẹ̀rín má pa mí.

Ibà ajá náà rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó jẹ ẹja sísè. Ikun imú rẹ̀ gbẹ. Ikọ́ ló pẹ́ jù kó tó lọ. Nígbà tí ara rẹ̀ ti yá pátá, dókítà ṣì ní kó má jáde, nítorí pé ajá tó ti gbádùn ṣì lè máa tú kòkòrò náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo ráhùn, àmọ́ mo ti ilẹ̀kùn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ajá ìyá Chika tó wúkọ́.

Mo ń ronú nípa ara, tèèyàn àti ti ẹranko. Èémí ni a kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ òun la fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Ajá kò lè sọ pé àyà ń dun òun, kò lè ní kí o túmọ̀ ohun tí dókítà wí. Ẹ bá mi béèrè lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn nílẹ̀ tí ẹ kò ti gbọ́ èdè. Ẹ má tijú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà tí kò bú mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara ajá yẹn tó ń jà nígbà tí èmi ti gbà pé ó parí.

Ọjọ́ tí wọ́n ní kó jáde, mo gbé àga síta, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo fi ìwọ̀nba ohùn tó ti padà pè é: “Fiwọ́nsílẹ̀, wá.” Ó jáde, ó na ara, ó kọjá lára mi bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀, ó lọ bá Déborà lábẹ́ fèrèsé. Inú bí mi, kí n má parọ́. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò yíjú.

Déborà fọwọ́ ti ìdí rẹ̀. Ó ní, “Màmá Àgbà ń pè ọ́. Lọ dá wọn lóhùn.”